Ẹ Bá Mi Yọ Páànù Iwájú Alùpùpù Yẹn

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Láti Múṣin níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo kí yín, mo kí Bàbá, mo kí Bàbá Àgbà nínú yàrá ọ̀ọ́kán, mo kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ osú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kú ìpayà tẹligíráàmù. Fẹ́mi àbúrò mi ti kọ̀wé sí mi. Ó ní nígbà tí wọ́n mú un dé, kò sí ẹni tó dúró gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní ẹ ti ká ọwọ́ lérí, ẹ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ti kún àgbàlá kí òun tó sáré ti ilé ìwé dé láti ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré tó wà níbẹ̀: YỌ PÁÀNÙ IWÁJÚ ALÙPÙPÙ. Ó ní Bàbá Àgbà béèrè bóyá Èkó ti yí mi lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òkú ni a fi ń mọ tẹligíráàmù nílé wa. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́, mo sì fi ránṣẹ́ síbẹ̀.

Fẹ́mi tún ní ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé èmi ni mo ṣe alùpùpù Múdà kí ó lè ṣubú, nítorí pé mò ń jowú rẹ̀, àti pé Ìyá Múdà kò wá pọnmi nínú kànga wa mọ́. Èyí ni kò jẹ́ kí n lè sùn. Nítorí náà ni mo fi ń kọ ìwé yìí, mo sì ti bẹ àwọn oníwèé ìròyìn kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé kà. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tó kàn jù lọ, n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé alùpùpù ni mo ń tún ṣe níbí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà létí títì Agége, lábẹ́ igi fúrúùtù kan. Iṣẹ́ ń bẹ, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n òjò ọdún yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Ní Súrùlérè níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun, ẹrẹ̀ ń mu lọ́rì dé ìdajì táyà. Ẹni tó bá gun alùpùpù jáde lówùúrọ̀, bí ẹni tó lọ po amọ̀ ni yóò ṣe padà dé.

Múdà ń gbé ní Yábà, fọ́tò ni ó ń yà. Ẹ mọ̀ bí àwa méjèèjì ṣe jẹ́, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa. Òun gan-an ló wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ Ìdó lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Èkó, tó ru àpótí mi. Ní oṣù kẹfà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ẹrẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àyà. Ó ní ìyàwó tuntun kan ní Ọ̀tà ti kọ̀ láti dúró fún fọ́tò, nítorí pé bí òun ṣe ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe ni ẹrẹ̀ ti ara òun ta sí aṣọ funfun rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò dùn sí i. Ó ní ṣé èmi Bánkọ́lé tí mo ń pe ara mi ní mẹkáníìkì kò lè wá nǹkan kan ṣe sí i ni?

Mo wá nǹkan ṣe sí i. Mo gé páànù lára dírọ́ọ̀mù kan, mo tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, mo fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ iwájú ẹ́ńjìnnì, láti abẹ́ táǹkì bẹntiróò títí dé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, ó sì bo ọ̀tún àti òsì. Mo kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Yèyé mi, ó dára lójú. Ẹrẹ̀ kò ta sí Múdà mọ́. Àwọn èèyàn rí i, wọ́n ń béèrè ẹni tó ṣe é, wọ́n sì ń wá. Mẹ́sàn-án ni mo ṣe lápapọ̀. Èyí tí mo ṣe fún alùpùpù Fẹ́mi, lọ́rì ni mo fi gbé e wá sílé fún un, nítorí ẹrẹ̀ tó wà lọ́nà ilé ìwé rẹ̀. Orí mi wú. Mo ń rò ó pé bóyá láìpẹ́ páànù ni èmi yóò máa ṣe tà, n kò ní máa dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́.

Ohun tí mo gbàgbé nìyí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Alùpùpù kò ní. Afẹ́fẹ́ ni omi tirẹ̀. Àwọn irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó tò yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ká, tí àwọn ọmọdé máa ń rò pé ẹwà ni, afẹ́fẹ́ ni wọ́n wà fún, kí ó lè máa gba àárín wọn kọjá kó sì máa gbé ooru lọ. Bí ooru náà kò bá rí ibi gbà, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ni yóò gbà á sára. Ọ́ìlì tó bá sì gbóná jù yóò ṣàn bí omi, kò ní lè la àárín irin méjì mọ́. Ọ̀gá mi kọ́ mi ní èyí ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé n kò mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá ti sùn.

Nígbà tí òjò ń rọ̀, kò sí wàhálà, omi òjò ń bá wa tu ú. Ní oṣù kẹjọ, òjò dá, oòrùn sì là bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Múdà wá ní ọjọ́rú kan. Ó ní òun ń gbóòórùn nǹkan tó ń jóná, àti pé ẹ́ńjìnnì òun kò lágbára mọ́ tí òun bá ti dé Ọ̀ṣọ́dì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ọ́ìlì, ó kún. Mo pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo ní kí ó máa lọ.

Ní ọjọ́ àbámẹ́ta, ó ń sáré lọ ya fọ́tò ìgbéyàwó ní Agége, nítorí pé ó ti pẹ́. Nígbà tó kọjá Ọ̀ṣọ́dì, kó tó dé Ìkẹjà, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Táyà ẹ̀yìn gan lójijì, alùpùpù sọ Múdà sókè, ó sì fi í lélẹ̀ sórí ọ̀dà títì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kán ní ojúgun. Àpótí kámẹ́rà rẹ̀ fọ́ yángá. Lọ́rì tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yà wọ igbó kí ó má baà gùn ún. Dírẹ́bà lọ́rì náà ló gbé òun àti alùpùpù padà wá sí Múṣin, Ọlọ́run yóò san án fún un.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ni wọ́n gbé e lọ, ní ilé kan tó kọjú sí títì, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n sì gbé alùpùpù rẹ̀ wá fún mi. Mo tú u. Písítìnì ti lẹ̀ mọ́ inú sìlíńdà, àfi ìgbà tí mo fi òòlù lù ú kó tó jáde, ojú rẹ̀ ti ha bí ara igi tí ológbò fi èékánná ya. Ọ́ìlì tó dà jáde dúdú, ó ṣàn lọ bí omi àgbo, ó ń rùn. Mo jókòó sílẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo dìde.

Nígbà tí mo lọ wò ó, ó kọjú sí ògiri. Ó ní ṣé mo rántí pé òun sọ fún mi pé nǹkan ń jóná. Mo ní mo rántí. Ó ní kí n máa lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà tí mo sọ fún un ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara mi kò ti balẹ̀. Sàbítíyù ìyàwó mi ní mo máa ń dìde láàárín oúnjẹ, mo máa ń jáde lọ wo títì, mo sì máa ń padà wá jókòó láìsọ ohun tí mo lọ wò. Òtítọ́ ni. Nídìí ìwé yìí gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde, nítorí pé mo gbọ́ ìró alùpùpù.

Mo kọ́kọ́ ń tan ara mi. Mo ní bóyá ọ́ìlì tí Múdà rà ni kò dára. Mo ní bóyá eré àsájù ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ dájú, àfojúwò kò sì lè sọ ọ́ fún mi. Ni mo bá mú tẹ̀mómítà tí nọ́ọ̀sì fún Sàbítíyù fún ibà ọmọ wa, mo gun alùpùpù mi yí ká Múṣin, mo dúró, mo ṣí ìdérí táǹkì ọ́ìlì, mo tì í bọ̀ ọ́. Ó dún táà, ó bẹ́. Sàbítíyù kò pariwo. Ó wo igò tó fọ́ lọ́wọ́ mi, ó wo alùpùpù, ó ní ṣé ibà ń ṣe alùpùpù náà ni.

Oníbàárà mi kan wà, Ọ̀gbẹ́ni Fálọlá, tó ń tọ́jú àwọn ohun èlò inú yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé ìwé kan ní Yábà. Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní tẹ̀mómítà ibà kò mọ ju ooru ara èèyàn lọ. Ó ní òun ní èyí tó gùn bí apá, tó lè wọnú epo gbígbóná láìfọ́, ṣùgbọ́n kò ní kúrò lọ́wọ́ òun. Bí mo bá fẹ́ ẹ, kí n gbé òun náà sẹ́yìn. Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe jáde ní ọ̀sán gangan, tó gbá tẹ̀mómítà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Ìrìn kìn-ín-ní, kò sí páànù lára alùpùpù mi. A lọ sí Ìkẹjà, a padà, eré kan náà ni mo sá jálẹ̀. Nígbà tí ó ti í bọ ọ́ìlì, ó ka á sókè: igba dín mẹ́wàá ní ìwọ̀n Fárẹnháìtì. Ó ní omi kì í hó àfi tó bá dé igba ó lé méjìlá, nítorí náà ọ́ìlì mi ṣì wà ní àlàáfíà. A jókòó títí ẹ́ńjìnnì fi tutù tó ohun tí ọwọ́ lè gbà. Mo wá de páànù Múdà mọ́ ọn, a tún gba ọ̀nà kan náà. Nígbà tí a dé Ìkẹjà, ó ti lé ogójì lórí igba. Ọ̀gbẹ́ni Fálọlá ní kí a padà. Kí a tó dé Múṣin, òórùn tí Múdà sọ ti ń wọ̀ mí nímú. Mo pa ẹ́ńjìnnì, ó ti tẹ̀mómítà bọ̀ ọ́, a sì jọ ń wo ìlà fàdákà tó ń gùn lọ sókè. Igba ó lé àádọ́rin. Kò sì tíì dúró. Ó fi igi kékeré mú ọ́ìlì náà kán sórí páànù ọ̀hún gan-an, ó sì ṣàn lọ wàrà bí omi.

Kì í ṣe Múdà ni mo rò lákòókò yẹn. Fẹ́mi ni. Mo rántí òkè tó wà lọ́nà ilé ìwé rẹ̀, àti bí ó ṣe máa ń gbé ẹlòmíràn sẹ́yìn gùn ún, àti àfonífojì tó wà lápá òsì. Mo sì rántí pé ọwọ́ mi ni mo fi di páànù náà, tí mo fi okùn so ó, tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.

Mo fi Ọ̀gbẹ́ni Fálọlá sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi sá lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Yábà, nítorí pé n kò lè gun alùpùpù yẹn mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn. Akọ̀wé ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀, Yèyé mi, èmi ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ fún un. Ó béèrè pé ta ló kú. Mo ní kò tíì sí ẹni tó kú. Ó wò mí, ó ṣílẹ̀kùn padà. Nígbà tó ka ohun tí mo kọ, ó ní ṣé kò sí ìkíni, ṣé kò sí orúkọ bàbá, ṣé ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí nìyí. Mo ní ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí nìyẹn.

Nígbà tí ìwé Fẹ́mi dé pé òun ti yọ ọ́, àti pé òun náà ti ń gbóòórùn nǹkan tó ń jóná bí òun bá ń gun òkè láti ọjọ́ mélòó kan, mo wọlé lọ, mo sì sunkún.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó kù. Àwọn márùn-ún jẹ́ ẹni tí mo mọ ilé wọn tàbí ibi iṣẹ́ wọn. Mo rìn dé Èbúté Mẹ́ta, mo rìn dé Ìdó, mo dúró níwájú ọ́fíìsì títí wọ́n fi jáde. Akọ̀wé rélùwéè kan ní òun kò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní òjò yóò tún padà, àti pé bóyá mo fẹ́ gba páànù náà tà fún ẹlòmíràn ni. N kò bá a jiyàn. Mo lọ bẹ Ọ̀gbẹ́ni Fálọlá, a gbé tẹ̀mómítà wá, mo ní kí ó gun alùpùpù ara rẹ̀ lọ kó sì padà. Nígbà tó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ìlà náà dé, òun fúnra rẹ̀ ló béèrè sípánà.

Ó ku méjì. Ojú lásán ni mo mọ àwọn méjì yìí, etí títì ni wọ́n ti dúró lọ́dọ̀ mi. Mo wá ń jókòó sétí títì láti òwúrọ̀, n kò ṣe iṣẹ́ mọ́. Gbogbo alùpùpù tó ń kọjá, abẹ́ táǹkì rẹ̀ ni mo ń wò, n kò wo ojú ẹni tó gùn ún.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó ń se oúnjẹ fún àwọn tí bàbá tó ń to eegun ń tọ́jú gbé nǹkan kan wá tí a fi àpò wé. Mo tú u. Páànù aláwọ̀ ewé ni. Obìnrin náà ní Múdà ló fi rán òun. Ó ní láti ìgbà tó ti gbọ́ ohun tí mo ń wá ni ó ti ní kí wọ́n gbé ẹní òun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí òun lè máa rí títì. Ó ní nígbà tí alùpùpù náà ń bọ̀, ó ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sáàárín ọ̀nà, ẹni náà bínú dúró, ó ń bú u, àfìgbà tó rí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi igi dè, ló bá yọ páànù náà fún un. Mo béèrè bóyá ó rán an pé kó sọ nǹkan kan. Obìnrin náà ní ó ní kí òun béèrè pé, ó ku mélòó?

Mo mú páànù náà lọ́wọ́, mo lọ bá a. Mo jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní ó ku ẹyọ kan. Kò wò mí, títì ló ń wò. Ó ní kí n sún sẹ́yìn, mo ń dí òun lójú. Àwa méjèèjì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá tó ń to eegun ní ẹsẹ̀ náà ń jinná, ṣùgbọ́n kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, Yèyé mi, ẹ bá mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Múdà. Ẹ má ṣe dúró de kí ó wá sí kànga. Ẹ sọ fún un pé kò sí oògùn níbẹ̀, kò sí owú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yín ló jẹ̀bi. Ẹ má sọ fún un pé àyànmọ́ ni. Ẹ sọ pé Múdà kìlọ̀ fún un, kò gbọ́.

Kí Fẹ́mi náà gbọ́ èyí, àti gbogbo ẹni tó bá ń gun alùpùpù tó sì ń kà á. Ẹ má fi ohunkóhun dí iwájú ẹ́ńjìnnì, ì báà jẹ́ páànù, ì báà jẹ́ àpò. Ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò láàárín àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn, nítorí pé ẹrẹ̀ gbígbẹ náà páànù ni. Ọ́ìlì tó bá wà láàárín ọgọ́sàn-án sí igba ó lé ogún, ara rẹ̀ dá. Bó bá ń lọ sí igba ó lé àádọ́ta, ẹ dúró, ẹ pa á, ẹ jókòó sábẹ́ igi. Ẹni tí kò ní tẹ̀mómítà ní imú. Bí òórùn jíjóná bá ti dé, tí agbára ẹ́ńjìnnì sì ń rẹlẹ̀, kò sí mẹkáníìkì tó gbọdọ̀ sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan. Bí èmi ni mo bá sọ ọ́, ẹ má gbà.

Ẹni tó ni ẹyọ kan tó kù yìí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà bíi tiwa ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ ìwé yìí jáde. Èdè Ìjẹ̀ṣà ló fi kí mi nígbà tó dúró. Inú mi dùn púpọ̀, nítorí pé èèyàn lè lo oṣù kan ní Múṣin láìgbọ́ ọ kó dára létí. A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yẹ̀yẹ́, a ń rẹ́rìn-ín, n kò rántí béèrè orúkọ. Táǹkì alùpùpù rẹ̀ pupa. Ó so àpò awọ méjì mọ́ ọn lẹ́yìn. Èèyàn pupa ni, ó ní èjí, ó sì ní òun ń gun alùpùpù náà lọ sílé láti lọ fi han ìyá òun. N kò mọ abúlé wo.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Ẹ ò ní fi ọwọ́ yín gba ìròyìn òfò ọmọ. Bàbá yóò jẹun ọmọ pẹ́, ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà yóò fúyẹ́. Sàbítíyù àti ọmọ wa kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, ẹ bá mi kí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò, ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó sáré wá bá yín sunkún lọ́jọ́ tẹligíráàmù.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọkùnrin náà, ẹ má kọ́kọ́ kí i. Ẹ dá a dúró ná.

Èmi ni ọmọ yín,
Bánkọ́lé